Ìlú Àwọn Eléyín-Ìta

Ẹ gbé dáìsì yẹn sílẹ̀ ná. Dàpọ̀, fóònù ẹ náà, jọ̀ọ́. Ẹ ní kí n wá ìran kan wá tí a máa bá jà nínú eré àfinúrò wa yìí, àwọn tó síngbọnlẹ̀, tó burẹ́wà, tí wọ́n ń gbé inú igbó, tí orí wọn ò pé, tó jẹ́ pé tí ẹ bá ti rí wọn, kí ẹ kàn máa pa wọ́n lọ bí ẹni ń pa eéṣú. Mo gbọ́, mo sì ti dá wọn. Ṣùgbọ́n mi ò ní kà wọ́n fún yín bí ẹni ń ka ẹrù ọjà. Ẹ ṣáà mọ̀ pé nínú eré yìí, ọdẹ ni mí, Ọdẹ́gbàmí lorúkọ mi, àgbà ọdẹ tí irùngbọ̀n ẹ̀ ti funfun. Ọdẹ yẹn ti lọ sọ́dọ̀ wọn, ó sì ti bọ̀. Ẹnu tèmi lẹ máa rí tó ń mì, àmọ́ ohùn tiẹ̀ ni. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó gbé e mì títí n ó fi délé.

Èmi Ọdẹ́gbàmí, èmi tí ẹkùn rí tó ní òun ò jẹran mọ́, ewé lòun fẹ́ máa jẹ. Èmi tí ẹfọ̀n gbọ́ ikọ́ mi lókèèrè tó yà bàrá sínú odò, tó sì jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ẹ má wò mí báyẹn, kì í ṣe ìgbéraga, ẹni tó bá rí ẹfọ̀n náà kó lọ bi í. Ẹ wo ẹnu mi. Iwájú lókè níbí. Àwọn tó bá rí mi lónìí máa ń sọ pé, “Èjí ọdẹ yìí mà fẹ̀ o, eku lè gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú ẹrù lórí.” Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n wí. Èjí tí wọ́n bí mọ́ mi, tín-ín-rín ni, bí ìgbà tí wọ́n fi okùn òwú pín eyín sí méjì. Ti ìyá wa ni. Nínú gbogbo ọmọ tó bí, èmi àti àbúrò mi Akínlàbí nìkan ló fún. Bí èjí tín-ín-rín ṣe wá di ẹnu ọ̀nà, ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn.

Akínlàbí lọ ṣọdẹ ní Igbó Ìdákẹ́, kò bọ̀. Igbó yẹn, ẹyẹ kì í ké níbẹ̀, ìdí tí a fi ń pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn, àwọn ọdẹ tó ní làákàyè kì í kọjá etí ẹ̀. Àmọ́ ilẹ̀ oníyọ̀ kan wà nínú ẹ̀ tí ẹran máa ń wá lá, ìmàdò ibẹ̀ sì sanra bí màálù. Ọjọ́ orí Akínlàbí ò tíì kúrò ní ti ẹni tí ẹran sísanra máa ń tàn. Àwọn tó lọ wá a, fìlà ẹ̀ nìkan ni wọ́n rí mú bọ̀. Ìyá wa gbé fìlà náà lé itan, kò sunkún. Ó ní, “Ọdẹ́gbàmí.” Mo ní, “Ẹ̀n, Ìyá.” Ó ní, “Fìlà kọ́ ni mo bí.” Ó tán. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kúkurú ìyá ló ń léni nílé.

Bí mo ṣe rìn, ibi tí mo sùn, ohun tí mo jẹ, mi ò ní fi ìyẹn dá yín lágara. Ta ni ò mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ gààrí gbígbẹ? Ẹ jẹ́ kí n dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Níbi tí igbó ti ń di òkè, òkúta ńlá kan dábùú ọ̀nà. Ó ti rẹ̀ mí, mo ní kí n fẹ̀yìn tì í díẹ̀. Mo fẹ̀yìn tì í, òkúta mí. Mo fò kúrò níbẹ̀. Nǹkan náà dìde, ó ń dìde lọ, mo rò pé kò ní dìde tán. Awọ ara ẹ̀ dà bí èèpo igi tí òjò ti pa fún ọdún gbọọrọ, ó fi amọ̀ pupa kun orí. Imú ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Láti àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ni eyín méjì ti yọ síta, wọ́n nípọn, wọ́n tẹ̀ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú bí etí ìkòkò. Ó gbé kùmọ̀ kan dání tí èmi ò lè fi ọwọ́ méjì gbé. Rúgúdù ni wọ́n ń pè é. Kò sọ fún mi nígbà yẹn, àwa méjèèjì ò tíì di ẹni tó ń bi ara wọn lórúkọ. Èdè wa ló ń sọ, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó fi òkúta sẹ́nu.

“Dúró ńbẹ̀, ẹran ẹlẹ́sẹ̀ méjì.”

Mo ní, “Ẹran ni wọ́n ń ní kó dúró. Èmi, jókòó ni wọ́n máa ń sọ fún mi.”

“Ẹnu ẹ mú. Ọrùn ẹ ńkọ́?”

“Ọrùn mi ò mú, àmọ́ ó le. Àwọn tó ti bù ú ṣán rí, eyín wọn ló dá.”

Ojú ẹ̀ yí padà nígbà tí mo dárúkọ eyín. Ó ní, “Àlọ́ kan ló wà lẹ́nu ibodè wa. Bó o bá mọ̀ ọ́n, wàá wọlé. Bí o ò bá mọ̀ ọ́n, orí ẹ á wọlé, ara ẹ á dúró síta.”

“Pa á ká gbọ́.”

“Kí ni nǹkan tí ẹni tó bá ní in lọ́pọ̀ fi ń jagun, tó jẹ́ pé ẹni tó bá ná an tán ni gbogbo ìlú ń dọ̀bálẹ̀ fún?”

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi rò ó. Ṣé owó ni? Ẹni tó bá ná owó tán, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹlòmíì ló ń sùn. Ṣé ọmọ ni? Ta ní í ná ọmọ? Ṣé ọfà ni? Ẹni tí ọfà bá tán lápó ẹ̀, ẹsẹ̀ ló kù tó ní. Mo rò títí, orí mi gbóná. Rúgúdù ti ń gbé kùmọ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rù bà mí dé ibi tí ẹ̀rù ò ti lè bà mí mọ́, ẹ̀rín nìkan ló kù níbẹ̀. Mo bá bú sẹ́rìn-ín. Mo gbé orí sẹ́yìn, mo la ẹnu gbàgà, mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń rin ní ìhà.

Ó dáwọ́ dúró. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ki ìka kan tó tó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà bọ̀ mí lẹ́nu, ó ká ètè mi, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ibi tí eyín ìta yẹ kó wà ló ń wò. Ó wo irùngbọ̀n mi tó funfun. Ó tún wo ẹnu. Kùmọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Gbì! Ó dọ̀bálẹ̀.

“Bàbá, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ẹ ti ná an tán. Ẹ̀yin gan-an ni ìdáhùn.”

Mi ò mọ ohun tí mo ná. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ń dọ̀bálẹ̀ fún kì í bèèrè ìdí, ó kàn máa ń ní kí wọ́n dìde ni. Mo ní, “Dìde, ọmọ mi.” Ó dìde, ó gba àpò ọdẹ mi, ó gbé e kọ́ èjìká, a jọ kọjá òkúta tí wọ́n fi ṣe ibodè, a ń gòkè lọ.

Ojú ọ̀nà yẹn ni mo ti fọgbọ́n yọ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀, òun ni n ó sì fi yé yín báyìí, ẹ̀yin tí ẹ ní orí wọn ò pé. Àwọn Eléyín-Ìta, wọn kì í bí wọn mọ́ eyín ìta. Ìgbà tí ohùn bá ń ki ló ń yọ. Títí tó fi máa yọ, ọmọ ò lórúkọ, “Ìwọ-yẹn” ni gbogbo ìlú ń pè é, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ gbé ọwọ́ sókè sí i, ohun yòówù kó ṣe. Bí eyín bá ti yọ, ó di géndé, wọ́n lè lù ú, wọ́n lè pa á, ó lè jagun. Nínú wọn, wọ́n á mú ẹnì kan ṣe onídàájọ́, ẹni tí eyín ẹ̀ gùn jù. Bí onídàájọ́ bá dá ẹjọ́ kan, á fi òkúta fọ́ díẹ̀ kúrò lára eyín ara ẹ̀, á fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Onítọ̀hún á so ó mọ́ ọrùn, gbogbo ayé á rí i pé ọ̀rọ̀ òun dun ẹnì kan. Ẹjọ́ ò tíì parí láìjẹ́ pé eyín já. Ìdí nìyẹn tí onídàájọ́ wọn kì í fi gbọ́ ẹjọ́ ìranù, tí kì í sì í pẹ́ títí lórí àga, torí eyín ń tán lọ. Bó bá tán, ó di àgbà tó ti ná an tán, ẹni ọ̀wọ̀, wọn kì í fọwọ́ kàn án. Ẹ jọ̀ọ́, nílé tiwa, ta ló ń dá ẹjọ́ tó ń dùn ún?

Ẹ ti wá rí àṣìṣe Rúgúdù báyìí. Àgbàlagbà, irùngbọ̀n funfun, kò sí eyín ìta kankan. Lójú tiẹ̀, onídàájọ́ tó ti ná an tán ni mí.

Ó ní, “Bàbá, orí ló gbé yín wá. Wọ́n pa àbúrò mi. Ó ń lá iyọ̀ jẹ́jẹ́ ẹ̀, ohun kékeré kan tí ò léyín gbé igi kan dání, igi gbó bí ajá, àbúrò mi ṣubú. A mú nǹkan náà. Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, wọ́n ní ọmọdé ni, eyín ẹ̀ ò tíì yọ, a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ilé àwọn Ìwọ-yẹn ni wọ́n fi sí. Àràárọ̀ ni mò ń lọ ká ètè ẹ̀ wò bóyá eyín ti ń yọ. Ọjọ́ tó bá yọ ni mo máa pa á.”

Inú mi dùn, inú mi bàjẹ́, lẹ́ẹ̀kan náà. Akínlàbí wà láàyè. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá mi ló pa èèyàn yẹn, ìyẹn sì ni ohun tí gbogbo ọdẹ ń bẹ̀rù ju ẹkùn lọ: o rí eyín láàárín ewé, o ní ìmàdò ni, o yìnbọn, ohun tó ṣubú sì ké bí èèyàn. Mo fẹ́ bi í bóyá àbúrò mi ṣì ń jẹun. Rúgúdù ti dáhùn kí n tó bi í. Ó ní, “Èmi ni mò ń bọ́ ọ.” Mo ní, “Kí ló dé tó jẹ́ ìwọ?” Ó wò mí bí ẹni tó bi í pé kí ló dé tí omi fi tutù. Ó ní, “Bàbá, ta ni ì bá tún jẹ́? Ẹni tí ẹ bá jọ ní ìjà ló ń bu oúnjẹ fún ẹni, títí ẹjọ́ á fi parí. Bó bá kú, gbogbo ìlú mọ ẹni tí wọ́n máa mú.” Ẹ rò ó wò. Kí o máa ro ẹ̀kọ fún ẹni tó pa àbúrò ẹ, láràárọ̀, kí o sì máa wò ó bóyá ó yó. Ó ní ọwọ́ òun ti ń rùn ẹ̀kọ.

A dé ìlú. Inú òkè amọ̀ pupa ni wọ́n gbẹ́ ilé sí, ẹnu ọ̀nà kúrú débi pé o ní láti tẹrí wọlé, kí ẹni tó wà nínú ilé kọ́kọ́ rí ọrùn ẹ. Bí wọ́n ṣe ń kíra wọn nìyẹn. Wọ́n fi mí jókòó lórí awọ ẹran, wọ́n gbé ẹran sísun wá, wọ́n gbé ọtí oyin kan wá tó ń dùn lẹ́nu tó ń jà nínú ikùn. Ẹ̀yin ará, ẹni tí ebi ti ń pa, tí wọ́n tún ń pè ní bàbá, ẹ má fún un lọ́tí. Wọ́n ní, “Bàbá, ẹ ti jagun rí?” Mo ní ogun wo? Mo sọ ti ẹkùn, mo sọ ti ẹfọ̀n, mo sọ ti erin tó kúnlẹ̀ bẹ̀ mí. Ara mi gbóná. Ìgbà yẹn ni ọ̀kan nínú wọn ní, “Nílùú tiyín, ìgbà wo ni eyín ọmọ ń yọ, tó fi ń di géndé?” Mo sì dáhùn. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ní, “Eyín kẹ̀? Ta ló ń wo eyín? Nílé tiwa, ọjọ́ tí ọmọ bá ti fi ìbọn pa nǹkan, ó di géndé lójú ẹsẹ̀. Èmi, irun ò tíì hù ní àgbọ̀n mi tí mo ti pa ẹkùn.”

Rúgúdù ń gé ẹran lọ́wọ́. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ tún un sọ.”

Ọtí dá lójú mi. Ó kúkú ti bọ́ lẹ́nu, ẹyin ni, ó ti fọ́.

Ó dìde, ó kígbe sí gbogbo ìlú. “Ẹ gbọ́ ọ! Onídàájọ́ tó ti ná an tán ló sọ ọ́, mi ò fi sí i lẹ́nu. Ẹni tó bá ti fi igi tó ń gbó pa nǹkan, géndé ni. Ẹ mú Ìwọ-yẹn wá.”

Wọ́n mú Akínlàbí jáde. Ẹ̀kọ wà ní àgbọ̀n ẹ̀. Àwọn Ìwọ-yẹn kéékèèké rọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ọ̀kan gun ẹ̀yìn ẹ̀, ó jọ pé wọ́n fẹ́ràn ẹ̀. Mo ń fi ojú sọ fún un pé, má mọ̀ mí o, má mọ̀ mí. Ọlọ́gbọ́n lọmọ náà, ó gbọ́ ojú mi. Kò sọ̀rọ̀, kò sún mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ayọ̀ kì í gbọ́ àṣẹ. Ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu, fín-ín báyìí, èjí yọ. Èmi náà, òmùgọ̀ àgbà, mo rí ẹ̀rín àbúrò mi, mo rẹ́rìn-ín.

Ẹ má gbàgbé pé àràárọ̀ ni Rúgúdù ń ká ètè ọmọ yẹn. Kò sí ẹni tó mọ ẹnu Akínlàbí bí i rẹ̀ láyé, àyàfi ìyá wa. Ó wo ẹnu Akínlàbí, ó wo tèmi. Ó padà wo ti Akínlàbí. Lọ́dọ̀ tiwa, ojú la fi ń mọ ọmọ ìyá. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹnu ni.

“Ìyá kan ló gbẹ́ ẹnu méjèèjì yìí,” ló wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó wá yí sí mi, ‘ẹ’ ti kúrò, ‘o’ ti dé. “O ò ná nǹkan kan rí. O ò ní i rí ni. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹ. Mo gbé àpò ẹ.”

Gbogbo wọn dìde. Mo gbọ́ bí kùmọ̀ ṣe ń kúrò nílẹ̀. Mo fa Akínlàbí sẹ́yìn mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ wá ṣe níbí?” Mo ní, “Ìyá ní fìlà kọ́ lòun bí.” Ó ní, “Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fìlà méjì ló máa gbà báyìí.” Ẹ wo ọmọ, ikú dúró síwájú, ó ń ṣe yẹ̀yẹ́.

“Ẹ jókòó.” Ohùn arúgbó kan ló sọ ọ́, kò pariwo, gbogbo ìlú sì jókòó. Ìyá Òkè, onídàájọ́ wọn nìyẹn. Wọ́n ní eyín ẹ̀ gùn dé ìpéǹpéjú nígbà kan. Ohun tó kù báyìí ò ju orí ìka lọ, ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Nínú àwọn àgbà tó jókòó níbẹ̀, òun ni ẹnu ẹ̀ ṣófo jù, òun náà ni ẹ̀rù ẹ̀ ń bani jù. Ó bi mí, “Ṣé àbúrò ẹ ni?” Mo ní, “Àbúrò mi ni, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́.” Ó ní, “Ṣé irú yín máa ń yọ eyín ìta?” Mo ní kì í yọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá wa. Ó mi orí. “Ẹ̀yin kì í ṣe ọmọdé, ẹ kì í ṣe àgbà. Òfin wa ò mọ̀ yín rí.”

Rúgúdù ní, “Ẹ jẹ́ kí kùmọ̀ mi mọ̀ wọ́n.”

“Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, Rúgúdù.”

“Ẹ dá a nígbà náà! Ẹ ná an, Ìyá! Ẹ ná èyí tó kù lórí àbúrò mi!”

Ó fi ìka kan èyí tó kù lẹ́nu ẹ̀. Ó ní, “Bí mo bá ná an lónìí, ìlú ò ní onídàájọ́ lọ́la. Ará ìsàlẹ̀ àti ará òkè ń wá ìjà nítorí ilẹ̀ oníyọ̀. Kí wọ́n tó fẹnu kò sórí onídàájọ́ míì, òkú á ti sùn níta. Ọ̀kan ló kú fún ẹ. Ṣé kí gbogbo ilé bá a lọ?”

Omi ń bọ́ lójú Rúgúdù, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ eyín ńlá yẹn sọ̀kalẹ̀. Ó ní, “Títí ayé ni n ó wá máa ro ẹ̀kọ, àbí?”

Ibẹ̀ ni àlọ́ yẹn ti wá yé mi délẹ̀délẹ̀. Mo ní, “Ìyá Òkè, ṣé ẹni tí ìlú fi jẹ nìkan ló lè ná an?”

“Ẹni tó bá ní i ló lè ná an.”

“Ṣé eyín ìta nìkan ni eyín?”

Ìyá Òkè ní, “Eyín ni eyín. Rúgúdù ló máa sọ bó bá tó o.”

Rúgúdù wá, ó ká ètè mi lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ yẹn, ọ̀tọ̀ ni bó ṣe ká a. Ó ní, “Àgbàdo rèé. Kí n so àgbàdo mọ́ ọrùn kí adìyẹ máa lé mi kiri?” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ìka ẹ̀ dúró sórí èjí mi. Ó ní, “Méjì yìí. Èyí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tín-ín-rín yìí. Ìyá mi ò ní rí ẹnu ọmọ ẹ̀ mọ́. Kí tìẹ náà wá ohun tó fi sẹ́nu ẹ, kó má rí i.”

Mo ní ó tó.

Ìyá Òkè ní, “Dá a kí a gbọ́. Bí ẹjọ́ náà bá wọ́, méjì yẹn ò ní tó.”

Mo dìde. Ẹ̀yin ará, mo ti dojú kọ ẹfọ̀n, èyí le jù ú lọ, torí àbúrò mi ń wò mí lẹ́yìn. Mo ní, “Akínlàbí pa àbúrò Rúgúdù. Géndé ni Akínlàbí, kì í ṣe ọmọdé. Ó rí eyín láàárín ewé, ó pè é ní ìmàdò, kò dúró kó rí ojú. Ẹni tó kọ́ ọ ní ìbọn kò kọ́ ọ ní sùúrù, èmi ni mo sì kọ́ ọ. Ó jẹ̀bi, mo jẹ̀bi. Ìbọn ẹ̀ á fọ́ níbí. Ọmọ ilé wa kankan ò tún ní yìnbọn ní ilẹ̀ oníyọ̀ yín mọ́. Ẹ̀mí kò ní rọ́pò ẹ̀mí, torí ìyá méjì tó ń sunkún kò sàn ju ọ̀kan lọ. Èmi ni n ó san án.”

Akínlàbí ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, tèmi ni kí wọ́n yọ.” Ìyá Òkè ní, “Ẹni tó jẹ̀bi kì í san án. Onídàájọ́ ní í san án.” Ó na òkúta kan sí mi.

Mi ò ké. Ó dáa, mo ké. Bó ṣe dùn mí, mi ò lè sọ fún yín, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, òkúta kì í wọ́n. Àkọ́kọ́ yẹn já, ìkejì fẹ́ má já, ẹ̀jẹ̀ ti kún irùngbọ̀n mi tó ń kó ẹ̀tàn bá wọn. Rúgúdù dúró síbẹ̀, kò mójú kúrò lẹ́nu mi títí ó fi já. Ó fi omi ṣàn wọ́n, ó lu ihò sí wọn, ó fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kọ́ wọn sọ́rùn. Wọ́n kéré lórí àyà ńlá yẹn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ó wá gbé abọ́ ẹ̀kọ Akínlàbí wá. Àṣà wọn ni pé bí ẹjọ́ bá parí, ẹni tó ń bọ́ ẹni á jẹ nínú abọ́ kan náà pẹ̀lú ẹ̀, kí gbogbo ìlú rí i. Ó bù ú, ó gbé e mì, ó ń wo Akínlàbí lójú. Ó bù ú lẹ́ẹ̀kejì, ó tu ìyẹn sílẹ̀. Ó ní, “Ẹjọ́ ti parí. Ìkórìíra ò tíì parí. Bí mo bá tún rí yín lápá ìhín òkúta ibodè, mi ò ní pa àlọ́.”

A ò dúró dágbére. Àwọn géndé kan tí ẹjọ́ náà ò dùn mọ́ ń tẹ̀ lé wa láti òkè, òkò ń bọ̀, ọ̀kan họ etí Akínlàbí, òmíràn gbé fìlà mi lọ, mi ò bojú wẹ̀yìn wá a. Bí a ṣe ré òkúta ibodè kọjá, òkò dáwọ́ dúró. Wọn ò sọ ẹyọ kan kọjá ibẹ̀. Ìkórìíra wọn gan-an ní ààlà, tiwa ńkọ́?

Nígbà tí a délé, ìyá wa fọwọ́ pa Akínlàbí lára láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni ń wo iṣu lọ́jà. Ó wá yí sí mi. Mo rẹ́rìn-ín fún un kó lè mọ̀ pé kò sí nǹkan. Ó wo ẹnu mi, ó wò ó pẹ́, ó ń wá nǹkan tó fi síbẹ̀. Ó ní, “Ta ló gba èjí mi lẹ́nu ẹ?” Mo ní, “Mo fi dá ẹjọ́ ni, Ìyá.” Ó fọwọ́ bo ẹnu ara ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bí òun àti Akínlàbí bá ń rẹ́rìn-ín pọ̀, mo máa ń jókòó síbi tí mo ti lè rí àwọn méjèèjì.

Akínlàbí kò lè pa ẹnu mọ́, ó ti sọ ọ́ káàkiri. Ní báyìí, bí àwọn ọdẹ bá ń jà lórí ẹran, bí àwọn ọmọ ìyá bá ń jà lórí ilẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń bọ̀. Wọ́n á jókòó, wọ́n á rojọ́ ti ọ̀tún, wọ́n á rojọ́ ti òsì, wọ́n á wá máa wò mí lẹ́nu. Èmi, kí n tó sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, mo máa ń fi ahọ́n ka àwọn eyín tó kù.

Ó yá, ẹ gbé dáìsì yín. Dàpọ̀, ìwọ lo ní ká kàn lọ pa wọ́n run. La ẹnu ná, kí n wo ohun tó wà níbẹ̀.